ỌKỌ̀ TÓ Ń GBÓNÁ: Ẹ ṢE ÀYẸ̀WÒ KÍ WỌ́N TÓ TÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ọ̀rọ̀ ìtọ́nisọ́nà fún àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìpínlẹ̀ Èkó

  

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn kòkòrò la sábà máa ń sọ. Lónìí, ọkọ̀ tó ń gbé irè oko lọ sọ́jà la fẹ́ yẹ̀ wò. Ìdí ni pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ àti ewédú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá já a ní ìdájí, tí ọkọ̀ wá kú sójú ọ̀nà kí ẹ tó dé Mile 2, tí oòrùn kan àtàrí kí ẹ tó dé Mile 12, ẹ̀fọ́ yẹn á ti rọ. Iye tí oníbàárà bá dá lẹ náà lẹ máa gbà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo ọkọ̀ tó ti pẹ́: Peugeot 504 pick-up, Hilux àtijọ́, Datsun, tàbí bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ ìjókòó rẹ̀ kúrò. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbóná, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn kan ni pé, "Bàbá, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. A máa tú u ni." Ọ̀rọ̀ kékeré ni létí, àmọ́ owó irúgbìn àti ajílẹ̀ sáà kan lè bá a lọ. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò sí ọgbọ́n míì, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìdérí rédíétọ̀ ló gbó, tàbí fáànù bẹ́líìtì ló dẹ̀, ẹ ti sanwó láti tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àìsàn.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ó yẹ ní títú. Èkejì: tí wọ́n bá ti tú u, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dè é padà láìmọ ohun tó bà á jẹ́.

1. KÍ NI TỌ́Ọ̀PÙ GÁSKẸ́Ẹ̀TÌ?

Apá méjì ni ẹ́ńjìnnì pín sí. Ìsàlẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà. Òkè ni tọ́ọ̀pù sílíńdà, èyí tí a lè pè ní orí ẹ́ńjìnnì. Ó dé orí búlọ́ọ̀kù bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Gáskẹ́ẹ̀tì ni awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun mẹ́ta ni gáskẹ́ẹ̀tì yìí ń yà sọ́tọ̀: iná tó ń jó nínú sílíńdà, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, àti ọ́ìlì tó ń mú irin yọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì dára, iná kì í bá omi pàdé, omi kì í sì í bá ọ́ìlì pàdé. Ọjọ́ tó bá jó ni wọ́n máa dàpọ̀. Ẹ fi mẹ́ta yìí sọ́kàn: iná, omi, ọ́ìlì. Gbogbo àmì tí mo máa sọ, ara wọn ló ti jáde.

Kí ló ń jó o? Ooru àjùlọ ni. Ẹ wo 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Tí ooru bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Tí ooru kò bá kọjá ààlà, gáskẹ́ẹ̀tì lè gbà á mọ́ra. Tó bá kọjá ààlà, orí náà á tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, nígbà míì orí á sán. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lọ nígbà tí ọwọ́ géèjì ooru ti wọ pupa, orí ọkọ̀ náà ló ń fi tẹlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n tò pọ̀ lẹ́bàá wa níbí ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1975, lè sọ pé tiyín kò ní wàhálà omi. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì yẹn, kò ní rédíétọ̀. Ọ̀rọ̀ tòní kàn ọkọ̀ olómi.

2. Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè mú kí ọkọ̀ gbóná, gáskẹ́ẹ̀tì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí kò wọ́nwó. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

(a) Fáànù bẹ́líìtì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní àárín. Tó bá wọlé gan-an tàbí tó ti ń sán, fáànù àti pọ́ọ̀ǹpù omi kò lè yí dáadáa.

(b) Róbà omi. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti dè é. Ẹ wo bóyá ó ti sán tàbí ó rọ̀ jù. Róbà ìsàlẹ̀ tó ti rọ̀ lè tẹ̀ mọ́ra nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa omi, kí omi má sì kọjá.

(d) Ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yìí kì í ṣe ọmọrí lásán. Ó ní sípíríǹgì tó ń di agbára mọ́ inú. Omi lásán máa ń hó ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdérí tí wọ́n kọ 0.9 sí lára, kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bíi 118. Tí róbà ìdérí yẹn bá ti jẹ, ààbò yẹn ti lọ, omi á máa hó, á sì máa tú jáde. Ẹ ra èyí tó bá ọkọ̀ yín mu. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí àkísà dí i.

(e) Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ àti kòkòrò lè dí iwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má kọjá. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà omi kànga lè dí inú rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ ṣọ́ra fún omi tó ní iyọ̀, nítorí ó máa ń jẹ alumíníọ̀mù àti irin. Omi òjò tí a gbè dáadáa sàn jù ú lọ. Èyí tó dára jù ni kí ẹ po omi mímọ́ pọ̀ mọ́ oògùn rédíétọ̀, ìyẹn coolant, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe kọ ọ́ sára agolo. Kì í ṣe nítorí òtútù, nítorí ìpẹtà ni.

(ẹ) Tẹmositáàtì. Ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi ni. Ẹ lè dán an wò nínú ilé ìdáná. Ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ rì í sínú ìkòkò omi, kí ẹ sì dáná sí i. Kí omi tó hó, ó yẹ kó ti ṣí. Tí omi bá hó tí kò ṣí, òun ni ọ̀daràn. Ẹ rà á tuntun. Ẹ má kàn yọ ọ́ dànù, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kì í móoru tó máa ń jẹ epo púpọ̀, ó sì máa ń tètè jẹ ara rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbóná. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí: ọkọ̀ agbépo tó ń wọ ibùdó epo á tò lọ rẹrẹ, ẹ ó sì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí. Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ nìkan ni ọkọ̀ yín ti ń gbóná, tó sì ń tutù nígbà tẹ́ ẹ bá jáde sí òpópónà Badagry tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ọ̀ràn fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ orí eré tàbí lábẹ́ ẹrù ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ tó dí, pọ́ọ̀ǹpù omi tàbí gáskẹ́ẹ̀tì la ó máa ronú sí.

3. ÀMÌ TÍ GÁSKẸ́Ẹ̀TÌ TÓ JÓ MÁA Ń FI HÀN

Omi ń dín kù, kò sì sí ojú ibi tó ń jò sí. Ilẹ̀ gbẹ, róbà gbẹ, ṣùgbọ́n láràárọ̀ lẹ̀ ń bu omi sí i. Omi yẹn ń gba inú sílíńdà jáde, tàbí kó máa wọ inú ọ́ìlì.

Èéfín funfun ń jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì dáwọ́ dúró. Oruku omi ni. Ẹ má ṣe fi wé èéfín míì o. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù.

Ọ́ìlì di bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọ́ìlì tó ti pò mọ́ omi kò lè gba irin sílẹ̀, nǹkan bí iṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba àwọn bẹ́rìn ìsàlẹ̀ jẹ́.

Ọ́ìlì léfòó sórí omi rédíétọ̀ bí òróró lórí ọbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń mì jìgìjìgì láàárọ̀, bí ẹni pé púlọ́ọ̀gì kan kò jó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ṣe dáadáa. Omi ló ti kán sínú sílíńdà mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ lè rí ọ̀kan tó mọ́ ju àwọn yòókù lọ bí èyí tí wọ́n fọ̀.

Rédíétọ̀ ń ta omi sókè bí ìgbà tí ọbẹ̀ bá ń hó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná rárá. Iná sílíńdà ló ń tì í.

4. ÀYẸ̀WÒ MẸ́TA TÍ KÒ NÁ YÍN LÓWÓ

Ẹ dúró o. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbọ́ èyí: ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Omi inú rẹ̀ lè tú síni lójú, kó sì bó ara. Gbogbo àyẹ̀wò yìí, òwúrọ̀ tutù la ń ṣe é.

Àyẹ̀wò kìíní: ọwọ́ lórí róbà. Ẹ bu omi kún rédíétọ̀, ẹ dé e. Ẹ tan ọkọ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ fi ọwọ́ tẹ róbà òkè, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ aṣọ àti ọwọ́ yín lọ́dọ̀ fáànù. Omi ṣì tutù ní àkókò yẹn, kò sì sí ìdí tí róbà fi máa le. Tó bá ti le gbagidi bí táyà tí wọ́n fẹ́, kì í ṣe ooru ló le e. Afẹ́fẹ́ iná láti inú sílíńdà ló ti wọ ọ̀nà omi.

Àyẹ̀wò kejì: ìfóòfóò. Ẹ bu omi kún rédíétọ̀ dé ẹnu, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ láìdé. Lára ọkọ̀ bíi 504 àtijọ́ tí fáànù bẹ́líìtì ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi, ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ bẹ́líìtì, kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹ tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa wo ojú omi. Ìfóòfóò díẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi kò burú, afẹ́fẹ́ tó há ló ń jáde, ó sì máa tán. Ṣùgbọ́n tí kò bá tán, tó ń pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá tẹ epo, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí orí ẹ́ńjìnnì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Àyẹ̀wò kẹta: ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ oko yín, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀. Fún ọjọ́ méje, láràárọ̀, ẹ kọ iye agolo omi tí rédíétọ̀ gbà, bí ọ́ìlì ṣe rí lórí géèjì, àti ibi tí ọkọ̀ ti gbóná. Ẹni tó bá gbé irú ìwé yìí síwájú mẹkáníìkì, kò ní sí ẹni tó máa fi àbá lásán tú ọkọ̀ rẹ̀.

5. ÀMÌ TÓ MÁA Ń TANNI JẸ

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá méjì tàbí mẹ́ta tó bára wọn mu.

Funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lè wáyé ní àkókò òjò, pàápàá lára ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Oruku ló dì síbẹ̀. Tí ọ́ìlì orí géèjì bá mọ́, tí omi kò sì dín kù, ẹ má tíì bẹ̀rù. Èéfín funfun ní ìdájí tó sì tán nígbà tí ọkọ̀ bá móoru, oruku sàlẹ́ńsà lásán ni.

Omi inú ọ́ìlì pàápàá kì í ṣe gáskẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Nínú 504, sílíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ páìpù tó ṣeé yọ, omi sì yí i ká. Ìdí páìpù yẹn ní ìdè tirẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ìdè yẹn bá jẹ, omi á wọ ọ́ìlì nígbà tí gáskẹ́ẹ̀tì òkè ṣì dára. Nínú Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 22R, séènì iwájú ẹ́ńjìnnì tó ti dẹ̀ lè máa gé irin ìbòrí rẹ̀ títí yóò fi lu ọ̀nà omi. Omi á wọ ọ́ìlì. Tí wọ́n bá pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́ta, àìsàn yẹn kò ní lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí iwájú Hilux ń dún wàràwàrà láàárọ̀, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín kó wo séènì náà kó tó gbé orí.

6. ÀYẸ̀WÒ TÍ MẸKÁNÍÌKÌ MÁA ṢE

Tí ti inú ilé bá fi gáskẹ́ẹ̀tì hàn, ẹ wá mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́. Ẹ má bá a jà, ẹ kàn béèrè ohun mẹ́ta.

Ìkíní ni géèjì tí wọ́n ń dè sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì láti wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ó ka 145, 140, 70, 65. Sílíńdà kẹta àti ìkẹrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì ló sì rẹlẹ̀. Ó ṣeé ṣe gan-an pé gáskẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín wọn. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rẹlẹ̀ bákan náà, ẹ́ńjìnnì ti gbó ni, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní sọ ọ́ di ọmọdé. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló rẹlẹ̀, kó kán ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú rẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n. Tó bá lọ sókè, òrùka písítìnì ló jẹ. Tí kò bá lọ sókè, ó lè jẹ́ fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì.

Ìkejì ni pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ tí wọ́n ń dè sí ẹnu rédíétọ̀. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á wò ó bóyá agbára náà ń wálẹ̀ àti ibi tí omi ti ń yọ.

Ìkẹta ni omi oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí èéfín iná bá wà nínú omi ọkọ̀, oògùn náà á di yẹ́lò. Kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in, ẹ jẹ́ kó lò ó.

7. TÓ BÁ JẸ́ PÉ GÁSKẸ́Ẹ̀TÌ NI LÓÒÓTỌ́

Ẹ dúró ti iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ fi ọmọ tó lójú inú sídìí rẹ̀. Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ rí nìyí:

Wọn kò gbọdọ̀ tú orí nígbà tó gbóná, nítorí ó lè tẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n dẹ bóòtù, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín.

Tó bá jẹ́ 504, nígbà tí orí bá ti kúrò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé wọ́n ti fi irin de àwọn páìpù sílíńdà mọ́lẹ̀. Tí páìpù bá sún sókè, ìdè ìsàlẹ̀ á tú, omi á sì máa wọ ọ́ìlì lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán.

Kí wọ́n gbé irin tó tọ́ gbọnrangandan lé ojú orí náà, kí wọ́n wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Èyí tó ti tẹ̀ díẹ̀, ilé ẹ̀rọ lè fá a tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tí a lè fá mọ. Kí wọ́n tún dán an wò bóyá ó ti sán, pàápàá láàárín àwọn fáàfù. Orí tó ti sán, tí wọ́n fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí, owó ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu ni kẹ́ ẹ rà. Ihò sílíńdà 504 onílítà 1.8 jẹ́ milimita 84, ti onílítà 2.0 jẹ́ milimita 88. Kékeré kò lè ṣiṣẹ́ lórí ńlá. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ASPAMDA ní ọgbà Trade Fair, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ mú ògbólógbòó gáskẹ́ẹ̀tì dání, ẹ gbé e lé tuntun, kí gbogbo ihò ṣe déédéé. Ẹ wo ojú ibi tó ti jó dáadáa pẹ̀lú, ó máa sọ sílíńdà tó ṣẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ti àtijọ́ lò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù bo àléébù.

Kí wọ́n nu ihò bóòtù gbẹ. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti máa dè é, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára. Agbára apá nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bíi 504 tún nílò kí wọ́n padà wá dè é lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì tún àlàfo fáàfù ṣe. Ẹ jọ dá ọjọ́ yẹn kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò.

Tí omi bá ti wọ ọ́ìlì, kí wọ́n da gbogbo ọ́ìlì nù, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà rẹ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè pé, "Kí ló mú un gbóná?" Gáskẹ́ẹ̀tì kì í sábà jó lásán. Tí rédíétọ̀ tó dí bá ṣì wà níbẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun á tún jó.

8. TÓ BÁ GBÓNÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

A kì í sunkún ká má ríran. Tí ọwọ́ géèjì bá ń lọ sí pupa, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọ́jú dé ọjà. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa á. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe da omi tutù sára ẹ́ńjìnnì tó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe rọ́ ọ sínú rẹ̀ lójijì. Bí ìkòkò amọ̀ gbígbóná ṣe ń sán tí omi tutù bá kàn án ni orí ẹ́ńjìnnì náà lè sán.

Tí ẹrù yín bá jẹ́ ẹ̀fọ́, ẹ wá ọkọ̀ míì kó gbé e lọ. Owó ọkọ̀ kan kò tó owó orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń da ẹyin tàbí ata gígún sínú rédíétọ̀ kó lè dí ibi tó ń jò. Ó lè dí i fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè dí ọ̀nà omi tó dára, kí wàhálà wá di méjì.

9. ẸNI TÓ Ń FI PỌ́Ọ̀ǸPÙ BOMI RIN OKO Ń KỌ́?

Pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń lo bẹntiróòlù náà ní gáskẹ́ẹ̀tì lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Tí okùn rẹ̀ bá rọrùn jù láti fà, tó ń ṣòro láti tan, tí atẹ́gùn ń sín jáde níbi tí orí àti ara ti pàdé, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ẹ fura sí i. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ máa gbá koríko àti ẹrẹ̀ kúrò lára àwọn abẹ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

ÌRÁNTÍ

Ẹ wo bẹ́líìtì, róbà, ìdérí, rédíétọ̀ àti tẹmositáàtì ná.
Ẹ wo ọ́ìlì àti omi láràárọ̀, ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.
Àmì kan kò tó, ẹ wá èkejì.
Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ ti funfun.
Ẹ má ṣe ṣí rédíétọ̀ tó gbóná.
Tí wọ́n bá tú orí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì wá ìdí tó fi gbóná.

Ẹ̀yin tó mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí fún àwọn tí kò sí níbí, kí ẹ sì fi han awakọ̀ yín. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yẹ ewé wò kí a tó fọ́n oògùn sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a máa yẹ ọkọ̀ wò kí a tó tú u.  Irè oko á délé, á sì dé ọjà láìrọ.